Ta Ni Ó Ní Kí Awólọ́wọ̀ Jókòó sí Ìbàdàn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àjogúnbá láàrin àwa Yorùbá, tí baba ń sọ fún ọmọ, tí ọmọ sì ń sọ fún ọmọ-ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́: èyíinì ni pé ọjọ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, tí ó sì kọjá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, ọjọ́ náà gan-an ni iná ọmọ ọ̀rara ràn mọ́ ilé Yorùbá. Bí a bá sin òkú àgbà tán, tí àlejò ti jẹ tí wọ́n ti mu, tí àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fà sẹ́yìn sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń sọ ti ayé àtijọ́, ọ̀kan nínú wọn kò ní ṣàì mí kanlẹ̀ kí ó sì wí pé, "Bàbá yẹn ì bá jókòó sílé bí Sàdáúná ti jókòó sí Kàdúná, kí ó rán ẹlòmíràn lọ sí Èkó, ojú wa kì bá tí rí tó báyìí." Àwọn yòókù yóò mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ń fi àánú sọ ọ́. Àwọn tí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ ń fi ẹ̀gàn sọ ọ́, wọ́n ní ojúkòkòrò ni ó gbé e dé ibi tí ẹ̀wọ̀n ti rí i mú. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ bá fa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi í kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣèlú ti fi ọ̀nà òdì hàn án.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àwa tí à ń sọ ti Awólọ́wọ̀, iwájú nìkan ni à ń wò: à ń wo àga tí àwọn aṣòfin fi lu ara wọn ní ọdún 1962, à ń wo ẹ̀wọ̀n ọdún 1963, à ń wo ilé tí ó ń jó ní ọdún 1965, a wá ń wí pé ìrìnàjò Èkó ni ó bí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀. Irú ilé wo ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀, ta sì ni ó ni ilé náà ní tòótọ́?

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ilé náà kò dára. Ọmọ Ṣópólú, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1920 tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá owó ilé-ìwé, tí ó ṣe tíṣà, tí ó ṣe akọ̀wé, tí ó kọ ìròyìn fún ìwé-ìròyìn, tí ó ra kòkó tí ó tà á, tí ó kó ọkọ̀ sójú títì, kí ó tó wọ ọkọ̀ òkun lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé orí àga, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta mẹ̀kúnnù lẹ́sẹ̀. Ní 17 oṣù Kínní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní ọdún 1954 jẹ́ nǹkan bí 457,000. Nígbà tí wọ́n ka orí wọn ní ọdún 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Owó òòjọ́ alágbàṣe tí ó kéré jù di ṣílè márùn-ún. Ní 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àwọn ará Ìbàdàn ń wo amóhùnmáwòrán nígbà tí ibi yòókù ní Nàìjíríà kò ì tíì mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka àròkọ yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni ó kọ́ bàbá wọn ní A, B, D. Nítorí náà ni ìbànújẹ́ náà fi pọ̀, mo sì mọ ibi tí ó ti ń wá.

Ṣùgbọ́n ilé náà kò pé. Ní ọdún 1954 kan náà tí Awólọ́wọ̀ di Prẹ́míà ni wọ́n gé Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ké títí, òyìnbó kò dá wọn lóhùn. Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, Èkó tí àwọn Àwórì tẹ̀ dó, kò sí lábẹ́ Prẹ́míà tí ó wà ní Ìbàdàn. Ẹ gba òkè lọ: Ìlọrin, Ọ̀fà, Kàbà, gbogbo ọmọ Oòduà tí ń bẹ níbẹ̀, Kàdúná ni ó ń jọba lé wọn lórí. Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dara pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àwọn tálákà Ìlọrin dìbò fún un débi pé ìgbìmọ̀ ìlú bọ́ sí i lọ́wọ́, síbẹ̀ ààlà kò yẹ̀. Ìgbìmọ̀ Willink tí ó rin orílẹ̀-èdè yìí já láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kékeré ṣe ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1958, kò sì dá ẹkùn tuntun kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé Awólọ́wọ̀ kọ ilé Yorùbá sílẹ̀ nígbà tí ó kúrò ní Ìbàdàn, kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ilé tí ọmọ Èkó àti ọmọ Ìlọrin ń gbé ní ọjọ́ náà.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ẹ jẹ́ kí á sì wí ti owó. Kòkó ni ó kọ́ ilé-ìwé, kòkó ni ó san owó tíṣà, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a fi ń pín owó orílẹ̀-èdè yìí, Ìbàdàn kọ́ ni ibùjókòó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Raisman jókòó ní ọdún 1958, ó dá àpò àjọpín kan sílẹ̀, ó sì yan ìpín 40 nínú 100 fún Àríwá, 31 fún Ìlà-Oòrùn, 24 fún Ìwọ̀-Oòrùn, 5 fún Gúúsù Kamẹrúùnù. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn lè kọ lẹ́tà, ó lè rán aṣojú, ó lè fárígá. Ẹni tí ó wà ní Èkó ni yóò bu owó náà. Ojú irin, èbúté, owó ibodè, ilé ìfowópamọ́ tí ń tẹ owó, ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo wọn ń bẹ ní Èkó. Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn dà bí ẹni tí ń fi ọ̀dà mèremère kun yàrá nígbà tí ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí ẹlòmíràn.

A kò sì tíì gbàgbé ọdún 1954. Ní ìbò àpapọ̀ ọdún náà, Ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí pé àwọn ènìyàn bínú sí owó orí tí ìjọba tìtorí ẹ̀kọ́ àti ìlera kó lé wọn lórí. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn kò ní mínísítà kan ṣoṣo ní Èkó, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórúkọ Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alátakò rẹ̀, títí di ọdún 1957 tí Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ tí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá àti Ayọ̀ Ròsíjì fi wọlé. Awólọ́wọ̀ jókòó sílé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fẹ́. Ó tọ́ ọ wò, ó mọ bí ó ti korò tó.

Wọ́n ní kí ó ṣe bí Sàdáúná, Ahmadu Bello, Prẹ́míà Àríwá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí pé ẹni tí ń sọ ọ́ kò jókòó ka iye. Nínú àga 312 tí wọ́n dìbò sí ní ọdún 1959, 174 jẹ́ ti Àríwá nìkan. Ìlà-Oòrùn ní 73, Ìwọ̀-Oòrùn ní 62, Èkó ní 3. Ẹni tí àga ilé rẹ̀ jẹ́ 174 nínú 312 lè jókòó sí Kàdúná, kí ó rán Alhaji Tafawa Balewa, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, lọ sí Èkó ní iṣẹ́, kí ó sì máa fi ìka júwe bí ayé yóò ti rí. Kì í ṣe pé Sàdáúná kọ Èkó sílẹ̀. Èkó ni ó wá ń bá a ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní 62, bí ó tilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò ní, kí ni yóò wá fi júwe, ta ni yóò sì wo ọwọ́ rẹ̀? Ahmadu Bello, ọmọ Sokoto, ọmọ Shehu, mọ ìdí tí òun fi jókòó. Ẹni tí ó ní kí Awólọ́wọ̀ fara wé e ń wo ìjókòó, kò wo ohun tí ó wà lábẹ́ ìdí.

Ó sì yẹ kí á rántí pé Awólọ́wọ̀ nìkan kọ́ ni ó kó ẹrù. Dókítà Nnamdi Azikiwe, Prẹ́míà Ìlà-Oòrùn, fi Enugu sílẹ̀ ní àkókò kan náà, ó fa ipò náà lé Dókítà Michael Okpara lọ́wọ́, n kò sì gbọ́ pé àwọn ará ọ̀hún ń jókòó níbi ìsìnkú tí wọ́n ń sọ pé Zik ni ó ba ilé wọn jẹ́. Àwa nìkan ni a mọ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba wa.

Ti ojúkòkòrò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á wo ìbò náà dáadáa. Awólọ́wọ̀ fi ẹlikópítà rin orílẹ̀-èdè yìí, ó sọ̀ sí ìlú tí wọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní àga 73: 33 láti Ìwọ̀-Oòrùn, 25 láti Àríwá, 14 láti Ìlà-Oòrùn, 1 láti Èkó. Ẹ tún un kà. Àga 40 nínú 73 ni ó wá láti ibi tí Prẹ́míà Ìbàdàn kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn Tiv tí wọ́n tẹ̀lé Joseph Tarka, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará etí odò tí wọ́n ń bèèrè ẹkùn tiwọn, láti ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn ààlà. Awólọ́wọ̀ jẹ́ Lọ́sì Ìkẹ́nnẹ́, ó jẹ́ Aṣíwájú Rẹ́mọ, ó jẹ́ Lísà Ìjẹun, Apẹ̀sìn Òṣogbo, Ọ̀dọ̀lé Ifẹ̀, Ajagunńlá Adó-Èkìtì, Ọ̀dọ̀fin Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ Obong Ikpan Isong nílẹ̀ Ibibio, àwọn Ibibio kì í sì í fi oyè bẹ́ẹ̀ dá àlejò tí ń kọjá lọ lọ́lá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí dìbò fún un nítorí pé ó ṣèlérí láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Èkó. Ṣé ó yẹ kí ó gba ìbò wọn tán, kí ó wá ránṣẹ́ sí wọn láti Òkè-Adó pé òun ti padà sílé?

Ẹ jẹ́ kí á tún ṣe ìṣirò kan sí i. Ẹgbẹ́ Alákùkọ ti Azikiwe àti ẹgbẹ́ NEPU tí ó bá a ṣe ní 89. Bí a bá fi 73 kún un, ó di 162, ìdajì 312 sì jẹ́ 156. Ìjọba wà níbẹ̀ láti dá sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ ránṣẹ́ sí Azikiwe pé kí ó wá ṣe olórí ìjọba, kí òun máa bójú tó ètò ìnáwó lábẹ́ rẹ̀. Azikiwe yàn láti bá NPC, ẹgbẹ́ Sàdáúná, lọ, ó sì ní ìdí tirẹ̀, èyí tí n kò ní wá ibi tọ́ka sí lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ń pariwo ojúkòkòrò ṣàlàyé fún mi ni irú ojúkòkòrò tí ó fi àga Prẹ́míà tí ó dájú sílẹ̀, tí ó gbé ipò olórí fún ẹlòmíràn, tí ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì alátakò nígbà tí ẹlòmíràn náà kò gbà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé Awólọ́wọ̀ jókòó, tí ó ní, "Ládòkè, ìwọ ni kí o lọ sí Èkó." Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀jẹ̀wé alẹ́nu-bí-idà tí ó mọ èdè Yorùbá dé orírun, ni igbákejì olórí ẹgbẹ́ láti ẹ̀yìn ikú Bọ̀dé Thomas, òun ni ọmọ ẹgbẹ́ ti mọ̀ ní Èkó, òun ni ó ti ṣe mínísítà lábẹ́ Balewa láti 1957 sí 1959. Ohun tí ó pín òun àti ọ̀gá rẹ̀ níyà kì í ṣe ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sùn. Akíntọ́lá gbà pé kí Yorùbá wọ inú ìjọba Balewa, kí wọ́n jẹ nínú rẹ̀. Awólọ́wọ̀ gbà pé kí wọ́n dúró ní ìta, kí wọ́n máa tako ó, kí wọ́n sì máa kọ́ ẹgbẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Bí Akíntọ́lá bá wà ní Èkó pẹ̀lú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́, tí ọ̀gá wà ní Ìbàdàn tí ọ̀nà jìn, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti kó àwọn aṣòfin náà wọ inú ìjọba Balewa? Ìjà kan náà ni à bá jà, Èkó ni à bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dípò Ìbàdàn, Awólọ́wọ̀ ì bá sì máa gbọ́ ọ lórí rédíò bí àwa náà.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ wà ní ọdún 1962. Ní oṣù Kejì, ẹgbẹ́ pàdé ní Jos, wọ́n sì pínyà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ní 21 oṣù Karùn-ún, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Akíntọ́lá, ẹni tí Awólọ́wọ̀ fi ipò Prẹ́míà lé lọ́wọ́, nípò nítorí pé aṣòfin 66 ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò gbà á mọ́, wọ́n sì fi Alhaji Dáúdà Adégbénró jẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù náà, wọ́n péjọ ní ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn láti fọwọ́ sí i. Àwọn tí wọ́n pọ̀ jókòó jẹ́jẹ́, nítorí ẹni tí ó ní iye kò ní ìdí láti jà. Bí wọ́n ti ní kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, aṣòfin kan nínú ẹ̀gbẹ́ Akíntọ́lá fò sórí tábìlì, ó figbe ta pé iná ń jó, ó ń ju àga. Òmíràn já ọ̀pá àṣẹ gbà, ó gbé e sókè sí olórí ilé, ọ̀pá náà ṣẹ́ mọ́ tábìlì. Àga ń fò, àwọn agbádá olówó ńlá ń ya, àwọn olóyè tí ó jáde nílé pẹ̀lú fìlà abetíajá ń wá ibi tí wọn yóò gbé orí sá sí. Ọlọ́pàá yin tajútajú, gbogbo wọn sì tú jáde, omi ń bọ́ lójú ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n tún padà jókòó ní ọ̀sán, ó tún bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá tún yin tajútajú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé náà.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù Karùn-ún, Ilé Aṣòfin àpapọ̀ dìbò ní Èkó pé ìlú dàrú, wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n pa Prẹ́míà tì, wọ́n pa Gómìnà tì, wọ́n pa ilé ìgbìmọ̀ tì, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà kan láti Èkó, ṣe alákòóso fún oṣù mẹ́fà. Awólọ́wọ̀ dìde nínú ilé náà, ó tako ó. Iye tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó. Nígbà tí oṣù mẹ́fà náà pé, wọn kò pe ará Ìwọ̀-Oòrùn kan ṣoṣo sí ìbò, wọ́n dá Akíntọ́lá padà sórí àga ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963. Bákan náà, nígbà tí ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ ní ọdún náà pé Gómìnà jàre láti yọ ọ́, wọ́n yí òfin padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà má bàa ní ipá.

Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní kí ó jókòó: bí Awólọ́wọ̀ bá wà lórí àga Prẹ́míà ní ọjọ́ náà, kí ni yóò fi dá ìbò Èkó dúró? Òun náà ni wọn ì bá pa tì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìjọba ẹkùn tí wọ́n lè fi ìbò ọ̀sán kan ní Èkó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ìyẹn ni ibi ààbò tí ẹ fẹ́ kí ó fara pamọ́ sí?

Bí ẹnìkan bá sì sọ pé òfin ni òfin, pé ìlú dàrú ní ọdún 1962 lóòótọ́, kí ó wá bá mi dé ọdún 1965. Wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 11 oṣù Kẹwàá, Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Akíntọ́lá kéde ara rẹ̀ pé òun ni ó wọlé, gbogbo ìlú sì yarí. Kì í ṣe ìjà àga láàrin ògiri mẹ́rin mọ́: wẹ́tíè ni, bẹntiróòlù ni, ilé ń jó, ọkọ̀ ń jó, ènìyàn ń jó. Ó rí bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kínní. Balewa kan náà, ilé aṣòfin kan náà, àṣẹ kan náà, kò sí ìjọba pàjáwìrì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní ọdún 1966, Èkó ń gba àwọn olórí ìjọba Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀lì lálejò láti jíròrò ọ̀rọ̀ Rhodesia, èéfín sì ń rú ní ọ̀nà Ìkòròdú. Ohun kan ṣoṣo tí ó yàtọ̀ láàrin 1962 àti 1965 ni ẹni tí àwọn tí ó di Èkó mú ń bá ṣe ọ̀rẹ́. Ohun tí Awólọ́wọ̀ rí ní ọdún 1959 nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo kà sí i lọ́rùn ń bẹ, n kò sì ní gbé e pamọ́. Kì í ṣe pé ó lọ. Bí ó ti lọ ni kò dára tó. Ó fi ìjọba lé ẹnìkan lọ́wọ́, ó sì mú ẹgbẹ́ dání fúnra rẹ̀, kò sì sí ìwé tí ó sọ yékéyéké ibi tí àṣẹ ọ̀kan parí sí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀. Prẹ́míà gbà pé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ni ó fi òun jẹ. Olórí ẹgbẹ́ gbà pé ẹgbẹ́ ni ó fi í jẹ. Ẹni tí ó ti kọ ìwé lórí òfin orílẹ̀-èdè láti ọdún 1947 yẹ kí ó ti rí èyí láti òkèèrè. (Àwọn kan nínú àwa ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò bínú nítorí gbólóhùn yìí. Kí wọ́n bínú.) Ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn dáadáa yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò yẹ kí ó jáde rárá.

Wọ́n tún máa ń sọ pé, kí ni Èkó fún un ju ẹ̀wọ̀n lọ? Ní 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀, sì ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Keje ọdún náà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nìyí, n kò sì ní fi ẹnu kékeré pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá ìtàn náà dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n Calabar kò tíì sọ ìdajì. Ní òwúrọ̀ 15 oṣù Kínní ọdún 1966, àwọn ológun pa Sàdáúná nínú ilé rẹ̀ ní Kàdúná, wọ́n pa Akíntọ́lá nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tí a sọ pé kò jókòó sílé ni ó yè. N kò fi èyí yọ̀, ikú kì í ṣe ẹ̀rí. Mo kàn ń fi dá àwọn tí ń sọ pé ìjókòó sílé ni ààbò lóhùn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Gowon, olórí ìjọba ológun, tú u sílẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 1967, ó di Igbákejì Alága Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ àpapọ̀ àti Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó, iṣẹ́ kan náà tí ó ti bèèrè lọ́wọ́ Azikiwe ní ọdún 1959. Níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe ní Èkó. Ogun abẹ́lé bẹ́ ní oṣù Keje. Epo kò wọlé bí ó ti yẹ, àwọn oníṣòwò òyìnbó ń ṣọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò fì sí. Nígbà tí Ìlú Ọba dín iye pọ́n-ùn wọn kù ní oṣù Kọkànlá, tí ọ̀pọ̀ rò pé Nàìjíríà yóò tẹ̀lé wọn, Awólọ́wọ̀ kọ̀, owó wa dúró sí iye rẹ̀. Ó fún ọjà ilẹ̀ òkèèrè tí ń wọlé ní ìjánu, ó fi owó orí kún owó orí, wọ́n pàrọ̀ owó ní oṣù Kínní ọdún 1968, ogun sì parí ní oṣù Kínní ọdún 1970 láìjẹ́ pé Nàìjíríà lọ yá owó ilẹ̀ òkèèrè láti fi jà á. Kí n sì wí ti 20 pọ́n-ùn: lẹ́yìn ogun, ohun yòówù kí ẹni tí ó wá láti ilẹ̀ Biafra ní ní báńkì, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n fún un. Ìpinnu náà dun àwọn Igbo, ó ṣì ń dùn wọ́n, àwíjàre tí àwọn ará ilé wa ń ṣe lórí rẹ̀ kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá máa bá a wí lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ní Èkó ni agbára náà wà, fún rere àti fún búburú.

Àga 174 tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ní 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, wọ́n pín ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12, èrò tí Awólọ́wọ̀ ti ń kéde láti ìgbà tí ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí a fi èdè àti ẹ̀yà ṣe ìpìlẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Èkó di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ìlọrin àti Kàbà bọ́ kúrò lọ́wọ́ Kàdúná. Àwọn Tiv bọ́. Àwọn ará Calabar àti etí odò bọ́. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ Ìbàdàn kò rí gbà níwájú Willink, ìwé kan láti Èkó ni ó fi lélẹ̀ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ogun sì ti parí, ní ọdún 1971, ó kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀, ó ní òun kò ní bá ológun ṣe ìjọba mọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ amòfin rẹ̀. Ojúkòkòrò kan náà nìyẹn tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ yín, tí ẹ ń kọ́ wọn pé kí ọlọ́gbọ́n gba ipò gómìnà kí ó sì dákẹ́ sílé, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1999. Ohun 68 ni wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan nígbà tí wọ́n kọ ọ́: ọlọ́pàá wà nínú wọn, ọmọ ogun wà nínú wọn, èbúté wà nínú wọn, epo rọ̀bì wà nínú wọn. Ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí ọmọ náà, kí ẹ sì sọ èyí tí gómìnà yín lè dá ṣe nínú wọn láti ilé ìjọba rẹ̀ fún un.